Kí Ẹ Tó Sanwó Ọkọ̀ Tí Kò Tíì Pẹ́ Lójú Ọ̀nà: Bí Ẹ Ó Ṣe Yẹ Síìtì Rẹ̀ Wò

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ ní ilẹ̀ Òkun, láti Kàbbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, ẹ́ńjìnnì, jíà àti bọ́dì ló sábà máa ń wò. Lẹ́yìn náà á wọlé jókòó, á rí i pé síìtì rọ̀, ọ̀rọ̀ síìtì ti parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, síìtì ọkọ̀ tí kò ju ọlọ́dún méjì sí márùn-ún lọ kì í ṣe fóòmù àti awọ lásán mọ́. Airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń tú síta láti gba èèyàn sílẹ̀ nígbà ìjàmbá, wà nínú ìfẹ̀yìntì rẹ̀, wáyà kún abẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo ẹni tó jókòó wà nínú ìjókòó ẹni iwájú, ara irin síìtì yẹn náà sì ni ibi tí bẹ́líìtì ń há sí wà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti bàjẹ́, ó lè má hàn lójú títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan.

Ohun mìíràn tó mú mi kọ èyí ni ọ̀nà jíjìn. Ọ̀pọ̀ nínú wa, Lọ́kọ́jà, Àbújá, Ìlọrin tàbí Èkó la ti ń ra ọkọ̀. Bí ẹ bá ti wa ọkọ̀ kọjá Ọbàjànà wá sílé, tàbí tí ẹ ti Erùkù wọ Ẹ̀gbẹ̀, tí ẹ wá rí i lọ́jọ́ kejì pé síìtì kò lọ síwájú kò lọ sẹ́yìn, ta ni yóò dá a padà? Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ọkọ̀ ni kí ẹ ti ṣe é, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á fi VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà, ránṣẹ́ sí yín. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ẹ lè rí i nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, àti lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, èyí tó wà ní ipò kẹwàá ń sọ ọdún ọkọ̀: L ni 2020, M ni 2021, N ni 2022, P ni 2023, R ni 2024. Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ 2022 ni, tí ipò kẹwàá sì jẹ́ K, 2019 ni ọkọ̀ yẹn, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ tẹ VIN náà sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ààbò ojú pópó. Ọ̀fẹ́ ni. Yóò sọ bóyá ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ti pe irú rẹ̀ padà fún àtúnṣe, tí wọn kò sì tíì ṣe é. Ọ̀rọ̀ síìtì pọ̀ níbẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní December 2023, Toyota pe nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ọkọ̀ ọdún 2020 sí 2022 padà ní Amẹ́ríkà, Camry, Corolla, RAV4 àti Highlander wà nínú wọn, torí ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo nínú síìtì ẹni iwájú lè má ṣiṣẹ́ dáadáa, kí airbag má sì tú síta bó ṣe yẹ. Ní February 2024, Honda pe nǹkan bíi 750,000 ọkọ̀ ọdún 2020 sí 2022 padà nítorí irú ẹ̀rọ kan náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2017, Honda ti pe nǹkan bíi 800,000 Odyssey ọdún 2011 sí 2017 padà, torí síìtì àárín lè ṣubú síwájú bí kò bá há dáadáa. Irú ọkọ̀ tí à ń rà nìwọ̀nyí. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tún wọn ṣe lọ́hùn-ún, àmọ́ ọkọ̀ tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi kí àtúnṣe tó kàn án, bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà nìkan ni ìkànnì yìí mọ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ láti Yúróòpù ní láti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣojú ilé iṣẹ́ náà.

Ẹ ní kó ya fídíò síìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú. Kó máa sún wọn lọ sókè sódò nínú fídíò náà. Bó bá ń sọ pé “ẹ wá wò ó fúnra yín” títí, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ wò nígbà tí ẹ bá débẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: imú àti ọwọ́

Ọ̀sán gangan ni kí ẹ lọ. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, bébà ìnuwọ́ funfun, àti ẹnìkan tó sanra díẹ̀ dání. Ẹ ó rí ohun tí ó wà fún láìpẹ́.

Ẹ ní kí wọ́n ti gbogbo gíláàsì ọkọ̀ náà pa fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ṣí i. Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn tí òórùn aṣọ tútù tí kò gbẹ bá jáde, tàbí tí lọ́fínńdà inú ọkọ̀ bá le débi pé ó ń ta yín nímú, ẹ má tíì sọ̀rọ̀ owó. Omi ni kí ẹ máa wá. Àwa tí a wà ní Kogí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìkún omi fún wa. Gbogbo wa la rí bí odò Ọya àti Bẹ́núé ṣe bo Lọ́kọ́jà ní 2012, tó tún bò ó ní 2022. Ọkọ̀ tó bá irú omi bẹ́ẹ̀ lọ kò kú gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń fọ̀ wọ́n, wọ́n ń tà wọ́n. Tòkunbọ̀ náà ní tiẹ̀: ìjì Harvey tó jà ní Texas ní 2017 àti Ian tó jà ní Florida ní 2022 ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ jẹ́, kò sì sí ẹni tó ń kọ ọ́ sára wọn pé omi gbé wọn.

Síìtì ló máa ń tú àṣírí yìí. Ẹ fa bẹ́líìtì jáde títí dé òpin rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, kì í ṣe ìwọ̀n tí a máa ń dè mọ́ àyà. Àwọn tó ń fọ ọkọ̀ tí omi gbé kì í sábà rántí ìyókù tó wà nínú òpó. Bí ẹ bá rí ìlà ẹrẹ̀ tó dá bẹ́líìtì sí àwọ̀ méjì, ibi tí omi dé nìyẹn. Ẹ tẹ bébà ìnuwọ́ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì lábẹ́ síìtì, kí ẹ fi gbogbo ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wò ó bóyá ó tutù. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ síìtì: sípíríǹgì àti irin tí kò sí ọ̀dà lára wọn kò yẹ kó ti dípẹtà lára ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́ta. Iyanrìn kíkúnná nínú ojú irin tí síìtì ń rìn lórí rẹ̀ tún burú ju ìpẹtà lọ, torí bàtà lè gbé eruku wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàtà kì í kó ẹrẹ̀ sínú kọ̀rọ̀ irin.

Ọkọ̀ tí omi ti bo síìtì rẹ̀, ẹ má rà á, iye yòówù kí wọ́n pè é. Wáyà airbag wà lábẹ́ ibẹ̀, ó lè máa ṣiṣẹ́ lónìí kó dákẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tí ojú síìtì ń sọ nípa ọjọ́ orí

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ síìtì dírẹ́bà tó kọjú sí ilẹ̀kùn, ibi tí itan máa ń fà mọ́ nígbà tí èèyàn bá ń wọlé. Bí ibẹ̀ bá ti rọ̀ wọlé, tí awọ rẹ̀ ti ṣẹ́ tàbí bó, tí dáṣíbọ́ọ̀dù sì ń sọ pé ọkọ̀ náà kò tíì rìn ju 30,000 lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti dá nọ́ńbà ìrìn rẹ̀ padà sẹ́yìn. Ẹ rántí pé máìlì ni ti Amẹ́ríkà, kìlómítà ni ti Yúróòpù.

Bí ẹ bá rí aṣọ síìtì tuntun tí wọ́n rán wọ̀ ọ́, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bọ́ ọ. Kò sí ìjà níbẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo fẹ́ wo abẹ́ aṣọ yìí. Èmi fúnra mi ni mo máa wọ̀ ọ́ padà.” Ẹni tí kò ní ohun tó ń fi pamọ́ yóò ràn yín lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: síìtì tí a ń fi ọwọ́ sún

Ẹ jókòó sí ipò dírẹ́bà. Ẹ fa ọwọ́ tó wà lábẹ́, kí ẹ sún síìtì lọ síwájú pátá, kí ẹ sún un padà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa dúró ní eyín kọ̀ọ̀kan. Ní ibi tí ẹ bá ti dúró, ẹ fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ ọkọ̀ gidigidi bí ẹni tó fẹ́ tẹ bíréèkì lójijì. Kò gbọ́dọ̀ mira. Ojú irin méjì ló wà lábẹ́ síìtì kan. Nígbà mìíràn apá kan á há, èkejì á sì kọ̀, síìtì á wá máa yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ má fi èyí ṣeré, torí síìtì tó bá yọ̀ lọ sẹ́yìn nígbà tí ẹ̀ ń tẹ bíréèkì yóò gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ dì í mú lókè ìfẹ̀yìntì, kí ẹ mì ín síwá sẹ́yìn. Bó bá ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ ré, eyín irin tó di ìfẹ̀yìntì mú ti jẹ. Ẹ dá a dùbúlẹ̀, kí ẹ gbé e dìde, kí ẹ rí i pé ó ń há níbi gbogbo. Ẹ fi ọwọ́ ìgbésókè gbé síìtì ga, kí ẹni tó sanra tí ẹ mú wá jókòó lé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí síìtì bá ń rọra lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ kọ àléébù yìí sínú ìwé yín.

Ẹ wo bóòtì mẹ́rin tó de síìtì mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Bí ọ̀dà orí wọn bá ti fọ́, tí eyín sípánà hàn lára wọn, wọ́n ti tú síìtì náà rí. Ìdí rere lè wà fún un, bíi fífọ kápẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ẹ béèrè, kí ẹ sì wo ilẹ̀ tí bóòtì náà wọ̀: ibi tí wọ́n jó irin mọ́, tàbí tí ilẹ̀ ọkọ̀ ti wúlẹ̀, ìjàmbá ńlá ló ṣe é.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: síìtì oníná

Ẹ́ńjìnnì ni kó máa ṣiṣẹ́, torí bátìrì tó rẹ̀ lè mú kí síìtì tó dára máa fà. Ẹ tẹ súíìṣì kọ̀ọ̀kan dé òpin rẹ̀ ní ọ̀nà méjèèjì. Bí ẹ bá ń gbọ́ ẹ̀rọ tó ń kùn tí síìtì kò sì lọ, eyín inú rẹ̀ ti jẹ tàbí wáyà irin tó ń yí i ti já. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan rárá, ó lè jẹ́ fíúùsì ló jó, ìyẹn kò sì tó nǹkan. Àwọn síìtì tó ń rántí ipò wọn máa ń gbàgbé bí wọ́n bá yọ bátìrì, wọ́n sì nílò kí a tún wọn kọ́. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn dẹ́rù bà yín, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi bo àléébù gidi mọ́lẹ̀. Ìwé ọkọ̀ ń sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí wọ́n ṣe é lójú yín.

Ohun tó ń mú síìtì gbóná, kò sí ẹni tó nílò rẹ̀ ní Kàbbà. Síbẹ̀ ẹ tàn án fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó bá gbóná ju ibòmíràn lọ. Wáyà inú rẹ̀ tó ti ṣẹ́ lè jó aṣọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí réwáyà yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iná pátápátá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: airbag, bẹ́líìtì, àti síìtì ẹni iwájú

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ débi tí dáṣíbọ́ọ̀dù bá tàn, láìtíì tan ẹ́ńjìnnì. Iná airbag, tó ní àwòrán ẹni tó jókòó pẹ̀lú bọ́ọ̀lù níwájú rẹ̀ tàbí lẹ́tà SRS, gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bó bá tàn tí kò kú, àléébù wà. Bí kò bá tàn rárá, ìyẹn tún burú jù ú lọ, torí ẹnìkan ti lè yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí kó fi nǹkan bò ó kí ẹ má bàa rí i. Ẹ mú ẹni tó ní sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àléébù inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, dání, kó sì jẹ́ irú èyí tó lè ka ti airbag, torí àwọn sikánà kékeré kan ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n ń kà.

Ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, iná kan wà tó kọ PASSENGER AIRBAG OFF tàbí ON. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó sanra yẹn jókòó síwájú, kó jókòó dáadáa, kó de bẹ́líìtì. OFF gbọ́dọ̀ kú, kí ON tàn bó bá wà níbẹ̀. Bí OFF bá wà títí nígbà tí àgbàlagbà wà lórí síìtì, airbag ìyàwó yín tàbí ìyá yín kò ní tú lọ́jọ́ ìjàmbá. Omi tó dà sórí fóòmù lè fa èyí, fóòmù tí wọ́n pààrọ̀ náà sì lè fà á.

Ọ̀rọ̀ fóòmù yìí ká mi lára gan-an. A fẹ́ràn láti máa fi awọ tuntun rán síìtì, àwọn tó ń rán an sì mọṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìfẹ̀yìntì síìtì iwájú: bí ẹ bá rí tíkẹ́ẹ̀tì kékeré tó kọ AIRBAG, airbag ẹ̀gbẹ́ wà nínú rẹ̀. Ojúràn tó wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ fi òwú tí ń tètè já rán an ni, kí airbag lè fa á ya. Bí ẹnìkan bá ti fi òwú líle tún un rán, tàbí tó da aṣọ síìtì bò ó mọ́lẹ̀, airbag lè máà ríbi jáde. Ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ti tún síìtì rẹ̀ rán, ẹ béèrè ìdí. Nígbà mìíràn, airbag ẹ̀gbẹ́ ti tú nínú ìjàmbá, wọ́n sì rán ihò rẹ̀ pa.

Bẹ́líìtì náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ẹ fà á ṣàdédé, kó há. Ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kó padà wọlé fúnra rẹ̀ láìlọ́ra. Wọ́n máa ń kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é sí tíkẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ti ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ́ ọdún mìíràn, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ìjàmbá ló fà á.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ̀yìn

Àwa tí a máa ń kó iṣu, gàrí àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa, síìtì ẹ̀yìn la máa ń tẹ̀ sílẹ̀ jù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí ẹ gbé e dìde, kí ẹ fà á síwájú gidi. Bí kò bá há, gbogbo ẹrù inú búùtù yóò wá bá àwọn ọmọ lẹ́yìn bí ẹ bá tẹ bíréèkì. Ẹ ti ọwọ́ bọ àárín ìjókòó àti ìfẹ̀yìntì láti wá irin tí a ń so síìtì ọmọ ọwọ́ mọ́, kí ẹ rí i pé kò tẹ̀. Bẹ́líìtì àárín, ẹ má fo ìyẹn náà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: wà á

Títì dídán nìkan kò tó. Ẹ wá ibi tó ní kòtò, ẹnìkan ó jókòó síwájú, ẹnìkan sẹ́yìn. Ariwo kín-ín kín-ín kékeré láti ara awọ tó ń fara kan awọ, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gbọ́ “kó” lẹ́ẹ̀kan ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá gbéra, àti lẹ́ẹ̀kan sí i tó bá dúró, bóòtì tàbí ojú irin ló tú.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ọ̀rọ̀ owó

Lójú tèmi, ohun mẹ́rin ni kí ẹ tìtorí rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò níbẹ̀ láìdúnàádúrà: omi, irin síìtì tó tẹ̀ tàbí tí wọ́n jó, airbag tó ti tú, àti ẹni tó ń tà tí kò jẹ́ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyókù ṣeé fi gé owó. Kí ẹ tó gé e, ẹ pe mẹkáníìkì yín, kó sọ iye tí ohun náà àti iṣẹ́ ọwọ́ yóò jẹ, kí ẹ fi owó mọ́tò tí ẹ ó fi wá a kún un. Odindi síìtì láti ara ọkọ̀ kan náà, ọdún kan náà, sábà máa ń rọrùn ju kí a máa tún ẹ̀rọ inú rẹ̀ ṣe. Ládìípọ̀ ní Èkó tàbí Apó ní Àbújá lẹ lè ti wá a. Ẹ rí i dájú pé orí wáyà rẹ̀ bá ti yín mu, ẹ má sì ra ti ọkọ̀ tó ní sítíárì lọ́wọ́ ọ̀tún.

Bó bá ní òun máa tún un ṣe, ẹ má sanwó tán. Ẹ kọ ìwé: VIN, àléébù náà ní kíkún, ọjọ́ tí yóò parí, iye tí ẹ dá dúró, orúkọ ẹlẹ́rìí méjì, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Òfin àpapọ̀ ọdún 2018 tó gbé FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, kalẹ̀ fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tó dára tí kò sì léwu. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń tà bá ti ṣàlàyé àléébù fún yín gbangba, tí ẹ sì gbà á bẹ́ẹ̀, ó ṣòro láti padà wá jà lé e lórí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ inú ìwé fi gbọ́dọ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ta ló máa tún un ṣe àti owó ta ni.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa tún un ṣe nílé, ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ tú síìtì náà pé kó kọ́kọ́ pa ọkọ̀, kó yọ orí bátìrì, kó sì dúró fún iye ìṣẹ́jú tí ìwé ọkọ̀ náà sọ kó tó fọwọ́ kan àwọn orí wáyà aláwọ̀ ìyeyè abẹ́ rẹ̀. Ti airbag ni wọ́n. Kò gbọ́dọ̀ tan ọkọ̀ nígbà tí síìtì bá wà nílẹ̀, torí iná airbag lè tàn kó má kú mọ́ títí wọ́n á fi fi sikánà pa á. Nígbà tó bá sì ní òun ti parí, kí ẹni tó sanra yẹn tún wá jókòó síwájú, kí ẹ wo iná ON àti OFF lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ tó san ìyókù owó iṣẹ́ rẹ̀.